Ìfúnpá Kò Dé Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ máa ń bi mí léèrè pé kí ni mo rí nínú ọ̀rọ̀ ìperí tí mo fi ń wá a kiri tọ̀sán-tòru. Ìdáhùn tí mo máa ń fún yín nínú kíláàsì ni pé èdè tí kò bá lè sọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, èdè ìkíni àti orin nìkan ni yóò dà lẹ́yìn ọ̀la. N kò parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ìdáhùn inú ìwé nìyẹn. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ó kan àbúrò ìyá mi, ó kan eku funfun tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́, ó sì kan àṣìṣe tí èmi, tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, fi ẹnu ara mi ṣe.

Ìyá mi kékeré ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Opó ni, èlùbọ́ ni ó sì ń tà. Nígbà tí àìsàn yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ohun tí a rí kò ju pé kò lè gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ dé òkè láìdúró mí. Nígbà tí ó ṣe, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àwọn kan ní ásímà ni, àwọn kan ní ọjọ́ orí ni, àwọn kan tilẹ̀ dárúkọ ẹni tí wọ́n rò pé ó wà nídìí rẹ̀. Ọjọ́ tí ó dákú lọ́jà ni a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà tí ó mọ̀ nípa ọkàn. Dókítà náà fi ẹ̀rọ tí ń fi ìró ya àwòrán wo inú àyà rẹ̀. Ó ní apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ ti fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé ó ń tiraka láti ti ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ ọ́, nítorí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Pulmonary hypertension ni orúkọ tí ó pè é. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ìwọ olùkọ́ Yorùbá, ṣàlàyé fún Màmá.

N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Màmá, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, àmọ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó ti ń ru.” Màmá mi orí pé ó yé òun. Ó mọ ẹ̀jẹ̀ ríru dáadáa; òun ni ó pa ọkọ rẹ̀. A ra oògùn, mo padà sí ẹnu iṣẹ́ mi, mo sì rò pé mo ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ ọn lápá, ó rí 120 lórí 80. Ó ní, “Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín dára ju tèmi lọ.” Bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe tán nìyẹn lójú Màmá. Àti pé, oògùn náà ní ìtìjú tirẹ̀. Sildenafil ni, oògùn kan náà tí àwọn ọkùnrin ń yọ́ rà lálẹ́. Ọmọ kẹ́mísì tí ó gba ìwé oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin Ìyá, ta lẹ fẹ́ rà á fún?” Opó ni ìyá mi kékeré, orí àga iwájú ni ó sì máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò padà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ó fi owó oògùn san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Nígbà tí mo dé ilé ní ọdún Àjíǹde, Màmá kò lè rìn láti yàrá rẹ̀ dé ilé ìdáná láìfara ti ògiri. Mo bínú, mo bi í pé kí ló dé tí kò lo oògùn. Ó wò mí títí. Ó ní, “Àjàní, ṣé ìwọ kọ́ lo sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni? Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kò ru mọ́. Kí ni mo tún ń mu oògùn sí?”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ náà, ìfúnpá. Ẹ rí i pé mọ́fíìmù ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a so mọ́ àpólà ìṣe “fún apá”. Ohun tí aláìsàn ń rí ni àwọn baba wa fi sọ ọ́ lórúkọ: aṣọ dúdú kan tí wọ́n ń we mọ́ apá, tí ó ń wú, tí ó sì ń fún apá gírígírí. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ́ tónítóní ni. Èmi fúnra mi ti yìn ín nínú ìwé tí mo kọ. Ṣùgbọ́n apá ni ó mọ̀. Ìrìn-àjò méjì ni ẹ̀jẹ̀ ń rìn nínú ara. Apá òsì ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, èyí ni ẹ̀rọ ìfúnpá ń wọ̀n. Apá ọ̀tún ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró nìkan, kí ó lọ gba atẹ́gùn wá. Ọ̀nà kejì yìí rọrùn gan-an. Ní òṣùwọ̀n kan náà tí a fi ka 120 yẹn, ìwọ̀n àárín ti ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí ara rẹ̀ dá kò ju nǹkan bí 14 lọ. Bí ó bá kọjá 20 nígbà tí ènìyàn wà ní ìsinmi, àwọn dókítà òde òní kà á sí àìsàn. 25 ni wọ́n ń lò títí di ọdún 2018. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n ní tòótọ́, ẹ ní láti ki okùn oníhò tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú òpó ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì tì í gba inú ọkàn kọjá dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ènìyàn lè ní 120 lórí 80 ní apá, kí ohun tí ó wà nínú àyà rẹ̀ sì máa pa á lọ. Nọ́ọ̀sì kò purọ́. Èmi ni mo fi orúkọ àìsàn kan pe òmíràn.

Mo gbé ìtìjú mi lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ olùkọ́ nínú ìmọ̀ oògùn. Mo ní kí ó má sọ orúkọ àìsàn náà fún mi mọ́, nítorí orúkọ ni ó kó mi sí wàhálà. Kí ó kàn sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí òpó ẹ̀jẹ̀ yẹn. Ó ní, “Kí n tó sọ ọ́, wá wò ó ná.” Ó mú mi dé ibi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó sì fi gíláàsì pẹlẹbẹ méjì sí i, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ẹ̀dọ̀fóró eku ni méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, òpó ẹ̀jẹ̀ kan là rọ̀bọ̀tọ̀, ògiri rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òrùka. Nínú ti èkejì, ògiri náà ti nípọn débi pé ihò àárín rẹ̀ kù bí ojú abẹ́rẹ́. Mo rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń fi amọ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún láìha ti àtijọ́ kúrò. Ọjọ́ kan á dé tí ẹni tí ó ru igbá kò ní lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́.

Mo bi í pé kí ni ó ṣe eku kejì. Ó ní abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni.

Monocrotaline ni orúkọ oró tí ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí sábà máa ń lò ni mílígíráàmù 60 fún kílógíráàmù kan, tí ó fi jẹ́ pé eku tí ó wọn gíráàmù 250 yóò gba mílígíráàmù 15, lábẹ́ awọ, lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Eku á jẹun, á mu omi, á sáré kiri nínú àgò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó tẹ́ inú ibẹ̀ ti ń bàjẹ́, ara sì ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe. Àtúnṣe yẹn gan-an ni ó ń mú ògiri nípọn. Tí ó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, irun eku á dìde, á máa mí gúlegúle, kò ní sanra mọ́, apá ọ̀tún ọkàn rẹ̀ á sì ti wú. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kú. Mo rí ìyá mi kékeré nínú gbogbo ohun tí ọ̀rẹ́ mi ń kà yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí oró náà ti wá ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ara ewéko ni, inú èso Crotalaria spectabilis. Orúkọ yẹn wá láti inú ọ̀rọ̀ àwọn ará Gíríìkì fún ohun èlò orin tí ń ró wàràwàrà, nítorí pé bí èèpo èso rẹ̀ bá gbẹ, kóró inú rẹ̀ á máa ró bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìbátan rẹ̀ kan, Crotalaria retusa, tí ó ní oró kan náà nínú, ń hù ní ẹ̀bá ọ̀nà nílẹ̀ wa níhìn-ín, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, èèpo èso gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ni a máa ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ bíi ṣaworo tí a bá ń ṣeré eégún. A dúpẹ́ pé a kò jẹ ẹ́.

Ní gúúsù Amẹ́ríkà ti òkè, ní Florida àti àwọn ìpínlẹ̀ tí ó yí i ká, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbin ewéko yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá ni, kí ó lè dá náítírójìn padà sínú ilẹ̀ tí ó ti ṣá. Ó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Ṣùgbọ́n adìẹ, ẹlẹ́dẹ̀ àti ẹṣin tí wọ́n jẹ èso rẹ̀ ń kú. Ní ọdún 1935, Neal, Rusoff àti Ahmann yọ oró náà jáde. Ní 1961, Lalich àti Merkow fi èso náà bọ́ eku, wọ́n sì rí i pé òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn bàjẹ́. Ní 1967, Kay, Harris àti Heath tún bọ́ àwọn eku mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ni wọ́n sì fi hàn gbangba pé ipá ẹ̀jẹ̀ ń ga nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn eku náà. Oró tí ń pa ẹlẹ́dẹ̀ àgbẹ̀ di ohun èlò ìwádìí láti ìgbà náà títí di òní.

Ó kù ibi kan tí ó dùn mọ́ mi bí onímọ̀ èdè, ẹ jẹ́ kí n yà síbẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá da monocrotaline lásán sára sẹ́ẹ̀lì òpó ẹ̀jẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe é ní nǹkan. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di apanirun. Ẹ̀dọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fọ oró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó gba èyí tí kò tíì le, tí ó yí i padà, tí ó sì di èyí tí ń jó sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá kúrò nínú ẹ̀dọ̀ á gba ọ̀tún ọkàn kọjá, ibùdó tí yóò sì kọ́kọ́ yà sí tààrà ni ẹ̀dọ̀fóró. Oró náà kì í pẹ́ kí agbára rẹ̀ tó tán, nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ tí ó bá bá lọ́nà ni ó ń jẹ. Láti ẹ̀dọ̀ dé ẹ̀dọ̀fóró! Nígbà tí mo sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, inú wọn dùn, wọ́n ní àbí àwọn baba ńlá wa ti mọ̀ pé ìyá kan náà ni ó bí méjèèjì. Mo ní kí wọ́n sinmi. Alápatà ni ó sọ nǹkan wọ̀nyí lórúkọ, kì í ṣe onímọ̀ kẹ́míkà. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́ran, ẹ ju ẹ̀dọ̀ sínú omi, á rì; ẹ ju ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn ẹlẹ́ran ń pè ní fùkù, á léfòó. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rí i bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wọn fún ẹ̀dọ̀fóró bá ọ̀rọ̀ wọn fún ohun tí ó fúyẹ́ tan. Ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ èdè wa sọ wá di òpùrọ́.

Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ọkàn mi kò balẹ̀ níwájú àgò àwọn eku yẹn. Gbogbo wa ni a mọ òwe ẹni tí ó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, pé kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ohun tí wọ́n ń ṣe níhìn-ín ni òdìkejì òwe náà: ọmọ ẹyẹ ni wọ́n ń gún, kí igi má baà dé ara ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnìkan wà nínú ìtàn àìsàn yìí tí ó tẹ̀ lé òwe Yorùbá láìgbọ́ ọ rí. Ní ọdún 1929, ní Eberswalde ní Jámánì, dókítà ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Werner Forssmann la òpó ẹ̀jẹ̀ ní apá ara rẹ̀, ó ti okùn oníhò bọ̀ ọ́ títí ó fi dé inú ọkàn rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ya fọ́tò egungun láti lọ fi hàn pé ó dé ibẹ̀. Okùn yẹn ni Cournand àti Richards sọ di ohun tí gbogbo ayé ń lò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Láìsí i, kò sẹ́ni tí ìbá lè ka ipá ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn alààyè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò fún ara rẹ̀ ní monocrotaline. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé òun kì í lo eku kan ju iye tí ìwádìí nílò lọ, pé òun a máa kùn wọ́n lóorun kí òun tó wọ̀n wọ́n, pé èyí tí ó bá ti ń jìyà jù, òun kì í dúró kí ó kú fúnra rẹ̀. Láti ọdún 1959 tí Russell àti Burch ti kọ ìwé wọn ni àwọn olùwádìí ti ń gbìyànjú láti dín iye ẹranko àti ìrora wọn kù. Mo gbọ́. N kò sọ pé inú mi dùn.

Bí a bá wá fẹ́ sọ ohun tí eku yẹn jẹ́ fún wa, kí ni a ó pè é? Àwòṣe ni ọ̀pọ̀ ìwé ń lò, a-wò-ṣe, ohun tí a ń wò kí a tó ṣe irú rẹ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. A kì í wo eku ṣe ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ lítíréṣọ̀ mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àfiwé tààrà àti àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. “Adé dàbí kìnnìún” kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú “Kìnnìún ni Adé.” Ẹ̀dọ̀fóró eku tí a fún ní monocrotaline dàbí ẹ̀dọ̀fóró ìyá mi kékeré, kì í ṣe òun. Àfiwé tààrà ni, “bí” inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ sọnù.

Ìgbà tí “bí” yẹn bá sọnù ni wàhálà ń dé. Oògùn tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, simvastatin, gba eku tí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́ là nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2003. Inú gbogbo ènìyàn dùn. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011: kò ṣe wọ́n ní àǹfààní kankan. Ọ̀pọ̀ oògùn ni ó ti wo eku sàn báyìí tí ó sì já ènìyàn kulẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àìsàn eku, ti ènìyàn jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ọdún. Oró náà a máa pa ẹ̀dọ̀ eku àti àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ mìíràn lára pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kókó dídíjú kan tí ń hù nínú òpó ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í sábà hù nínú ti eku náà. Kódà láàrin àwọn eku, kò dọ́gba. Èyí tí ó kéré bí èlírí kì í gba àìsàn yìí bí èyí tí ó tóbi, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kì í yí oró náà padà lọ́nà kan náà. Òdìkejì rẹ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1965, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta oògùn tí ń pa ebi, aminorex, fún àwọn tí ó fẹ́ jò ní Swítsàlándì, Ọ́stríà àti Jámánì. Kò pẹ́ tí àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró fi pọ̀ láàrin wọn, wọ́n sì gbé oògùn náà kúrò lọ́jà ní 1968. Nígbà tí wọ́n fún eku ní aminorex, eku kò ṣàìsàn. Àfiwé náà fọ́ níbẹ̀, ènìyàn ni ó sì fi ara gbà á.

Síbẹ̀, ibi tí àfiwé náà ti dúró ṣinṣin ni ìyá mi kékeré wà. Ní 2004, àwọn olùwádìí ní Giessen ní Jámánì tẹ ìwádìí jáde pé sildenafil, oògùn ìtìjú yìí, dín ipá ẹ̀jẹ̀ kù nínú ẹ̀dọ̀fóró eku tí ó ti gba monocrotaline, ó sì jẹ́ kí púpọ̀ nínú wọn yè. Ní 2005, ìwádìí lára aláìsàn 278 jáde. Àwọn tí ó lo mílígíráàmù 20 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12 fi nǹkan bí mítà 45 lé ìrìn tí wọ́n lè rìn ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, bí a bá fi wọ́n wé àwọn tí kò lo ojúlówó oògùn. Kò wo wọ́n sàn. Ó là wọ́n lọ́nà díẹ̀.

Ọ̀nà. Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. N kò fẹ́ “ríru” mọ́, nítorí ríru ń ránni lọ sí apá. N kò fẹ́ “iṣan ẹ̀jẹ̀” náà, nítorí iṣan ni ẹran ara, iṣan ni okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun, iṣan ni ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Ẹrù ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti pọ̀ jù. Mo yan òpó ẹ̀jẹ̀, mo sì yan há, bí a ṣe ń sọ pé ọ̀nà há: àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró híhá. Ẹlẹgbẹ́ mi kan lòdì sí i. Ó ní há ń mú ni rántí egungun ẹja tí ó há sí ọ̀nà ọ̀fun, pé wọ́n á rò pé nǹkan kan ni ó dí i. Ó ní nínípọn ni kí n lò. Àríyànjiyàn rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n aláìsàn kò rí ògiri tí ó nípọn. Ọ̀nà tí kò gbà á ni ó ń fara mọ̀.

Mo padà lọ bá Màmá. Mo jókòó sí orí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èlùbọ́ rẹ̀, mo kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, pé èmi ni mo ṣì í sọ. Mo ní, “Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru, Màmá. Ọ̀nà inú ẹ̀dọ̀fóró yín ni ó há. Ọkàn yín ń fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀, ó sì ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá kò lè dé ibẹ̀ láéláé.” Mo sọ nípa oògùn náà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti la òpó ẹ̀jẹ̀, pé ibi tí àwọn ọkùnrin ń lò ó sí jẹ́ ibì kan, ibi tí òun ń lò ó sí jẹ́ ibòmíràn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wá èémí. Mo sọ nípa mítà 45 náà. Ó da ojú sí ọ̀nà ilé ìdáná, ó wọ̀n ọ́n lójú, ó ní, “Ó ju ibẹ̀ lọ dáadáa. Ó máa gbé mi dé ẹnu géètì.”

Lẹ́yìn náà ni ó bi mí pé, “Àwọn eku yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n dá wọn sílẹ̀?”

Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó dákẹ́. Ó ní kí n gbé omi wá, ó sì lo oògùn rẹ̀ lójú mi.

Nítorí ọ̀rọ̀ kẹ́mísì, mo bá a kọ ìwé pélébé kan tí yóò máa mú dání, pé oògùn àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró híhá ni èyí, pé òun fúnra rẹ̀ ni ó ń lò ó, pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìfúnpá pinnu bóyá kí ó dá a dúró. Mo fi nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò parí tí ọmọ kẹ́mísì fi pè mí. Ó tọrọ àforíjì lórí ẹ̀rín ìjọ́sí, ó wá ní nǹkan kan kò yé òun nínú ìwé náà: òun mọ̀ pé opó ni Màmá, ṣùgbọ́n kí ni opó ẹ̀jẹ̀? Kò ka àmì ohùn. Mo tún un kọ, mo sì fi bírò pupa tẹ àmì ìsàlẹ̀ orí òpó náà mọ́lẹ̀ gàdàgbà.